Màmá Ò Lè Dé Ẹ̀pẹ́ Láì Yà sí Ìmọ̀ta

Bọ̀dá Múkáílà, àbúrò ìyá mi, ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Màmá, èyí tí a máa kà níbi àdúrà ogójì ọjọ́. Ó ní kó má gùn o, kí n má sì yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ Màmá láì yà? Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i àti iye ọmọ tó bí, kó lọ bi ẹlòmíì. Èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí inú bá sì fẹ́ bí, kó bí i.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí Màmá sí, Ìjẹ̀dẹ́ ni ilé ọkọ rẹ̀. Ẹja ló ń yan tà. Tó bá fẹ́ ra ẹja tútù, tàbí tó bá fẹ́ lọ wo àwọn àbúrò rẹ̀, ó di Ẹ̀pẹ́. Ìrìn àjò tí ẹlòmíì máa lọ tí á sì dé kó tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá á fi odidi ọjọ́ rìn ín. Àwọn awakọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn kan wà tí wọ́n á rí i lókèèrè tí wọ́n á ní ọkọ̀ àwọn ti kún. Nígbà tí mo wá ra ọkọ̀ kékeré kan, tí mo sì ń gbé ní àdúgbò Agric, èmi ni mo di awakọ̀ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́. Á jókòó síwájú, á gbé báàgì rẹ̀ lé itan, á máa wo títì bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. A ò ní tíì rìn jìnnà tí á fi na ọwọ́.

"Àbẹ̀kẹ́, yà síbẹ̀ yẹn."

"Màmá, Ẹ̀pẹ́ là ń lọ o."

"Mo mọ̀. Ẹ̀pẹ́ ò ní kúrò níbẹ̀."

Ibi tó ń ní kí n yà sí, Ìmọ̀ta ni, nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ní ìdí. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ wo ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ ìrẹsì, pé gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣé òun nìkan ni kò ní rí i ni? Mo wa ọkọ̀ débẹ̀. Màmá kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó wo òrùlé ilé iṣẹ́ náà, ó ní, "Ó dára. Ó tóbi. Ìyá kan wà nítòsí ibí yìí, jẹ́ ká kí i." Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi dúró sí ẹnu ọ̀nà ìyá náà.

Ìyá náà ni Ìyá Wàídì, orogún Màmá. Ìyàwó kékeré tí bàbá àgbà wa fẹ́ ni. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ẹbí ọkọ, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìmọ̀ta. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Kó tó bímọ, àìsàn ti dá bàbá àgbà wa dùbúlẹ̀. Ọmọ náà, Wàídì, kò tíì rìn tí bàbá fi kú. Ni àbúrò bàbá, Bàbá Àdìó, bá di olórí ẹbí, ó sì dájọ́. Ó ní oyún tí obìnrin bá gbé kúrò nílé ọkọ kì í ṣe ti ilé mọ́. Ó ní wọn ò mọ ọmọ náà, àti pé ẹnikẹ́ni nínú ilé ò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Màmá ní tirẹ̀ ní dandan ni kí wọ́n ka Wàídì mọ́ àwọn ọmọ bàbá rẹ̀. Ohun tó fẹ́ kó tó kú nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ lọ́wọ́ wa. A fẹ́ tún ilé ṣe fún un, ó ní ilé dára bó ṣe wà. A fẹ́ rán an lọ sí Mẹ́kà, ó ní ká ní sùúrù, iṣẹ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò kọ́kọ́ gba ọ̀nà tààrà. Ìyá mi, Rìsíkátù, tí í ṣe àkọ́bí rẹ̀, wà níbi ìpàdé ẹbí tí Màmá ti dìde láàárín àwọn ọkùnrin, tó ní ọmọ ọkọ òun ni Wàídì. Bàbá Àdìó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, orogún rẹ lọ, o yẹ kó o jó. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Màmá ní, "Ọkọ mi, inú mi dùn pé ó lọ, mi ò purọ́. Ọmọ ni mo ní kí ẹ dá padà."

Ariwo sọ. Wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé kankan mọ́. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n ti borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń túká lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi rí i tó ń tún ìró rẹ̀ ró, tó ń so ó le, tó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yà nìyẹn. Ìdí àkọ́kọ́ tó rí ni ẹní. Ìyá Wàídì mọ ẹní hun, Màmá sì sọ fún gbogbo ilé pé òun fẹ́ kọ́ ẹní híhun ní Ìmọ̀ta, nítorí pé ẹja kì í pọ̀ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní ṣé kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní Ìjẹ̀dẹ́ ni? Ó ní ti Ìmọ̀ta le jù. Ẹní àkọ́kọ́ tó hun, ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju ìkejì lọ. Bàbá Àdìó gan-an rí i, ó bi í bóyá ọmọ ejò ló fẹ́ tẹ́ ẹ fún. Màmá ò bínú. Ó ká ẹní rẹ̀, ó ní òun ò tíì mọ̀ ọ́n tán, òun gbọ́dọ̀ padà lọ.

Ẹ má rò pé àwọn ìyá méjèèjì yìí wá di ọ̀rẹ́ o. Mo jókòó tì wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, èmi ni mo mọ ohun tí etí mi gbọ́. Ìyá Wàídì á tú ìlà tí Màmá hun, á ní ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ẹni tó ń gún iyán. Màmá á ní òun mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ rí ibi tí òun ti kùnà. Wọ́n á rántí ìjà ilé ìdáná tí wọ́n jà kí ìyá mi tó dàgbà, wọ́n á tún un jà. Lẹ́yìn náà ni Màmá á na ọwọ́: "Èmi pẹ̀lú ẹ ò lè ṣọ̀rẹ́. Fún mi ní koríko sí i."

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ẹní híhun wọ Màmá lára. Ohun tó fi ṣe bojúbojú di ohun tó ń ṣe pẹ̀lú ìfẹ́. Ní àkókò òjò, tí iná ẹja kì í fẹ́ jó, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa hun ún, á máa kọrin tí kò lórí tí kò nídìí. Ó di pé àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń rán èèyàn wá ra ẹní lọ́wọ́ obìnrin ẹlẹ́ja. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan èwo gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú méjèèjì. Ó ní, "Ẹja ni mo bá lọ sílé ọkọ. Ẹní ni mo rí he lọ́nà. Èyí tí mo rí he yìí dùn mọ́ mi ju èyí tí mo gbé wá."

Bó ṣe ń rìn náà ló ṣe ń sọ ìtàn. Ìtàn kan wà tí kò sí ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ rí, ìyẹn ìtàn ẹja ńlá kan tó fa àwọ̀n ya ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nígbà tí Màmá wà ní ọ̀dọ́. Ẹja á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ìrù lu omi ni Màmá á ti rántí ẹni tó ni àwọ̀n. Ẹni tó ni àwọ̀n fẹ́ ìyàwó láti Agbówá. Ìyàwó yìí ní àbúrò kan tó ń kólòlò, àmọ́ tó bá ń pe ìrun, kò ní kólòlò rárá. Ẹ wò ó, ọ̀dọ̀ ọmọ yìí la máa wà títí tí ẹ̀kọ fi máa tutù. A ó máa pariwo, "Màmá, ẹja ńkọ́?"

"Ẹja ti kú. Ṣé ó máa sá ni? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹni tó ṣì wà láàyè."

Mi ò mọ ibi tí ìtàn ẹja yẹn parí sí dòní. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi mí sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Agbówá, mo mọ ilé tí mo lè wọ̀ tí wọ́n á fún mi lómi mu, nítorí pé mo ti gbọ́ orúkọ wọn nínú ìtàn tí kò kàn wọ́n.

Ìyá mi ni kò gba tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ohun gbogbo ló ní àkókò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Àdìó ló rán an lọ sí ilé ìwé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, òun ló sì dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Bàbá Àdìó kò ní sọ̀rọ̀ kí ìyá mi ré e kọjá. Tí Màmá bá ti ní òun fẹ́ yà, ojú ìyá mi á le. Á ní, "Màmá, ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo."

Màmá á ní, "Ó pòfo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ihò méjì."

Wọ́n lè máa fa èyí láti Ìjẹ̀dẹ́ títí dé Ẹ̀pẹ́, tí èmi á sì máa wa ọkọ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Nítorí pé wọ́n ti dá a lẹ́kun láti sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ yà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Bọ̀dá Múkáílà ń kọ́lé, Màmá ní òun mọ káfíńtà kan tó mọ òrùlé ṣe dáadáa, kó tẹ̀ lé òun. Ó mú un lọ bá Wàídì. Kò sọ pé "àbúrò rẹ rèé." Ó ní, "Ẹ kí ara yín," ó sì lọ jókòó ti ẹní rẹ̀. Bọ̀dá Múkáílà sọ fún mi pé bí Wàídì ṣe yíjú padà, àfi bí ẹni pé bàbá òun ló gbé òòlù dání. Wàídì kan òrùlé ilé náà, ó sì ń wá kí wọn láti ìgbà yẹn. Nígbà tí Àǹtí Múnì, àbíkẹ́yìn Màmá, bímọ tí ara rẹ̀ ò yá, ìyàwó Wàídì ni Màmá ní kó wá bá a gbé, ó ní òun ò rí ẹlòmíì. Irọ́ ni. Ìjẹ̀dẹ́ kún fún obìnrin.

Ó ku ìyá mi. Tí a bá dé Ìmọ̀ta, inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí. Á gbé gíláàsì sókè, á máa tẹ fóònù. Màmá ò fi agbára mú un rí. Kò bá a jà, kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń rí i pé tí ìyá mi bá ti bá wa lọ, a gbọ́dọ̀ yà.

Ìyá Wàídì kú. Mo rò pé yíyà ti tán, nítorí pé ta la tún fẹ́ kí? Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá na ọwọ́. Mo yà. Bí a ṣe ń padà bọ̀, tí àwa méjèèjì nìkan wà nínú ọkọ̀, mo bi í ní ohun tó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní, "Màmá, kí ló mú un dá yín lójú tó báyìí pé ọmọ ọkọ yín ni Wàídì? Ẹ̀yin pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ò rẹ́. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni Bàbá Àdìó sọ."

Kò wo ojú mi tó fi dáhùn.

"Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Òru tí Ìyá Wàídì bá wà ní yàrá ọkọ wa, èmi ni oorun kì í kùn. Mo ń kà á pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, mo mọ̀ ṣáájú ọkọ. Mo bú sẹ́kún ní ẹ̀yìnkùlé. Orogún ló ń ka oṣù orogún, Àbẹ̀kẹ́. Ọlọ́run fi mí ṣe ẹlẹ́rìí nípasẹ̀ owú jíjẹ mi, ṣé kí n wá dákẹ́ ni?"

Mo fẹ́ràn ìyá àgbà mi tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un.

Ní ọdún tó lò kẹ́yìn, eékún ò jẹ́ kó rìn dáadáa mọ́. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan tí ìyá mi bá wa lọ, omi sì ti kún kòtò iwájú ilé Bọ̀dá Wàídì. Mo ń rò bí a ṣe máa gbé e kọjá. Bọ̀dá Wàídì jáde, ó ká ṣòkòtò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn mi." Àgbàlagbà ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni o. Ó pọ̀n ìyá àgbà mi, ó sì rọra ń gbé ẹsẹ̀ nínú omi. Bàtà Màmá kan bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó mú bàtà náà, ó sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Màmá kàn ní kí wọ́n wá àga fún Rìsí.

Màmá kú láìpẹ́ sígbà náà, nínú oorun, ní Ìjẹ̀dẹ́. A sin ín lọ́jọ́ náà bó ṣe yẹ. Bọ̀dá Wàídì wà níbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ló dúró sí bí àlejò, Bàbá Àdìó rí i, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Inú bí mi débi pé ẹkún mi gbẹ. Iṣẹ́ tí Màmá gbé lọ́wọ́ kò tíì parí, ó sì ti lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a pé jọ sábẹ́ kanópì níwájú ilé fún àdúrà fìdáù. Bàbá Àdìó ti darúgbó gan-an, wọ́n gbé e jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlùfáà. Nígbà tí àdúrà kan ilé, Àlùfáà ní kí olórí ẹbí dárúkọ àwọn ọmọ tí ọkọ ìyá yìí bí sáyé, kí òun lè pè wọ́n sínú àdúrà.

Bàbá Àdìó ní, "Rìsíkátù. Múkáílà. Mùnírátù."

Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè.

"Ó ku ẹnì kan." Ìyá mi ló sọ̀rọ̀.

Bàbá Àdìó yí ọrùn padà. "Rìsí, ta ló kù?"

"Wàídì ni, Bàbá."

Mo mọ̀ pé tí Bàbá Àdìó bá sọ pé rárá níwájú Àlùfáà, ọ̀rọ̀ náà ti kú nìyẹn, kò sí ẹni tí á tún jí i. Bàbá Àdìó ní, "Ìwọ, Rìsí? Ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, Bàbá. Mi ò ní gbàgbé láéláé. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan."

Bọ̀dá Múkáílà dìde dúró sẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí Múnì ti lọ sẹ́yìn, ó ń fa Bọ̀dá Wàídì bọ̀ lọ́wọ́. Bọ̀dá Wàídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Àdìó wò ó, ó wò ó. Àlùfáà rọra bi í pé, "Bàbá, kí lorúkọ rẹ̀ ní kíkún?"

Bọ̀dá Wàídì gbórí sókè láti dáhùn. Bàbá Àdìó ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dákẹ́.

"Wàídì Àkànní ni."

A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó gbọ́ oríkì yẹn rí nínú wa. Bọ̀dá Wàídì ní, "Bàbá, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní Àkànní rí."

"Mo mọ̀. Bàbá rẹ ló fún ọ ní oríkì yẹn lórí àìsàn. Ó ní kí n gbé e lọ fún wọn ní Ìmọ̀ta, kí n sì gbé ọ wá, kó rí ọ." Ó fi etí agbádá nu ojú. "Èmi ló rán. N kò lọ."